Bọ̀ọ̀dá màlúù ti bínú o! Ohun tójú tíṣà rí lọ́wọ́ ẹran tó fowó ìfẹ̀yìntì rà ní Ìgbó-Ọrà

Àwọn àgbà ló máa ń sọ ọ́ pé torí ká lè jẹran la ṣe ń pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, àwọn èèyàn máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí màlúù bá ti lé rí kì í rẹ́rìn-ín sí i. Kò sí ará Èkó tàbí ará Ìbàdàn tí ò rí i rí: òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n ti ta kánópì sójú títì, àwọn alásè ti dáná, alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ọ̀bẹ ni màlúù bá já okùn. Ẹni tó wé gèlè á ju gèlè sílẹ̀, ọlọ́kadà á fi ọ̀kadà sílẹ̀, ẹni tó ni ìnáwó fúnra ẹ̀ á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá padà rí i mú, wọ́n á pa á, wọ́n á sè é, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ó ṣe tán, ìdajì ọjọ́ péré ni wọ́n ní í bá a ṣe.

Ẹni tó fẹ́ sìn ín ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé òun àti màlúù náà ni wọ́n á tún jọ jí láàárọ̀ ọ̀la, àti lọ́túnla, àti lọ́dún tó ń bọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lọ́rọ̀ Fúlàní nìkan. Láti ìgbà tí Èkìtì ti ṣòfin lórí fífi màlúù jẹko káàkiri lọ́dún 2016, tí Ọ̀yọ́ ṣe tiwọn lọ́dún 2019, tí àwọn gómìnà apá Gúúsù fẹnu kò ní Asaba lóṣù Karùn-ún ọdún 2021, tí Oǹdó àti Èkó náà fọwọ́ sí òfin tiwọn lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń sọ pé àwọn náà á máa sin màlúù nínú ọgbà. Ìjọba àpapọ̀ gan-an dá iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ lọ́dún 2024. Ọgbà dáa, òfin dáa. Àmọ́ kò sófin tó kọ́ èèyàn bó ṣe máa bá màlúù tó ya pòkíì gbé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, kó gbọ́ ti tíṣà kan báyìí.

Ìgbó-Ọrà ní Ìbàràpá ni tíṣà náà ń gbé, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Òun náà ò sì gbẹ́yìn, ìbejì niyàwó ẹ̀ bí fún un, àwọn ìbejì náà ti dàgbà, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún márùndínlógójì ni bàbá yìí fi kọ́ àwọn ọmọ níṣirò. Nígbà tówó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ níparí ọdún 2021, Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sójú títì, kí wọ́n máa gba owó ẹ̀ lọ́dọọdún. Tíṣà ní rárá. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun wà lẹ́yìn ìlú, ẹni tó bá ra abo màlúù mẹ́ta lónìí, kí ọdún mẹ́rin tó pé, wọ́n á ti di mẹ́fà, méje. Ó ti ṣírò ẹ̀ sínú ìwé, ó sì fàlà méjì sábẹ́ ìdáhùn. Ohun tí kò kọ síbẹ̀ ni ohun táwọn màlúù náà máa ní í sọ sí i.

Oṣù kìíní ọdún 2022 ló lọ rà wọ́n lọ́jà màlúù Akínyẹlé, nítòsí Ìbàdàn. Abo méjì funfun oníwo gígùn, irú èyí tó pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè yìí, àti abo pupa kan tó ga fíofío, tójú ẹ̀ ò gbébì kan. Alágbàtà kìlọ̀ fún un. Ó ní ẹran pupa yẹn, irú èyí táwọn Haúsá ń pè ní Rahaji, kì í fẹ́ àlejò, ẹni tó sìn ín dàgbà nìkan ló ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Tíṣà fi ṣẹ̀rín. "Àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù fáìfù tó lágídí jù ú lọ, mo kọ́ wọn, wọ́n sì yege."

Wọ́n kó wọn sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù, òòrùn ń pa wọ́n, mọ́tò ń já sí kòtò, ó ń gun gegele. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn lóko, àwọn méjì funfun rọra sọ̀ kalẹ̀. Èyí pupa ò dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan. Ó já okùn gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó dì í mú, ó fo wáyà mẹ́rin tí wọ́n fi sọgbà bí ẹni fo okùn tí wọ́n sáṣọ sí, ó di inú igbó.

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi wá a. Ọjọ́ kẹta, ìdájí, wọ́n gbúròó ẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ bàbá kan tí ilẹ̀ òun àti ti Tíṣà jọ pààlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Ìbàràpá dáadáa á mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìyẹn oṣù méje péré ṣáájú, ni àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn lóru, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n dáná sunlé. Lágbègbè tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran ti fa ẹ̀jẹ̀ tó báyẹn, ta ló máa rí màlúù nínú oko ẹ̀gẹ́ láàárọ̀ kùtù kó máa rò ó pé màlúù tíṣà ni? Kílẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọ̀dọ́ ti yọ tàdátàdá, ìbọn ṣakabùlà wà lọ́wọ́ àwọn kan, wọ́n ní wọ́n ti tún dé. Ọ̀nà gáà Fúlàní tó wà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọrí sí. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin kan tó rí ọ̀dà búlúù tí wọ́n fi sàmì sí ẹran náà nídìí, tó pariwo pé màlúù Tíṣà mà nìyí o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ì bá forí fá a.

Wọ́n délé Baálẹ̀. Baálẹ̀ dá a pé kí Tíṣà san owó ẹ̀gẹ́, ó sì san án. Lẹ́yìn náà ni Baálẹ̀ wá fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀: "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ mi níwèé, mi ò ní í bú yín. Àmọ́ ẹran tẹ́ ò bá lè dá dúró, ẹ má sọ pé ẹ ní in. Gbogbo ìlú lẹ fẹ́ kó sí wàhálà láàárọ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Tíṣà wọra. Bó ṣe délé, ó ní òun máa kọ́ màlúù náà lọ́gbọ́n. Ó ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kó má ba ìwà àwọn méjì tó kù jẹ́, àfi bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ tó ń dí kíláàsì lọ́wọ́ lọ kúnlẹ̀ síta. Wọ́n so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò lódìkejì oko, níbi tí kò ti lè rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Géńdé mẹ́rin ni wọ́n háyà, igi ni wọ́n sì ń mú lọ bá a láràárọ̀. Dípò kó rọlẹ̀, ńṣe ló ń burú sí i. Á ké títí dòru. Kì í jẹun dáadáa. Tó bá ti rí èèyàn, á ranjú, funfun ẹyinjú á yọ síta, á máa fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Gbogbo àdúgbò sọ pé ẹran náà ya wèrè.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà fúnra ẹ̀ gbé omi lọ fún un. Ẹ̀yìn ló gbà yọ sí i, kò sì sọ̀rọ̀, ó ní òun ò fẹ́ kó ta mọ́ òun. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti wà nílẹ̀, egungun ìhà méjì ti dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi jókòó sílé, tó ń mí bí ẹni tó ń jí èémí mí.

Ìyá Ìbejì ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n tà á. Alápatà dé, ó dúró lókèèrè wo ẹran náà, ó dá iye tí kò tó ìdajì owó tí wọ́n fi rà á. "Ìyá, ẹ má bínú. Ó ti rù, ó sì ya wèrè. Ta ni màá ní kó lọ mú un?" Ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ ọdún márùndínlógójì ló dúró sídìí igi máńgòrò yẹn, tó ń ké.

Ẹni tó wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ kì í ṣe dókítà, kì í ṣe oníṣẹ́ ìjọba. Obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà ni, gáà tí wọ́n fẹ́ lọ kọ lù lọ́jọ́sí gan-an ló ti ń wá. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Ìyá Ìbejì ti ń ra wàrà lọ́wọ́ ẹ̀, Yorùbá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gbé igbá wàrà sílẹ̀, ó wo ẹran náà títí, kò sún mọ́ ọn.

"Ta ló so ó síbí yìí lóun nìkan?"

"Bàbá Ìbejì ni. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé wèrè ni."

"Kì í ṣe wèrè o, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rù ló ń bà á. Màlúù ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá gbé. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀yin náà lọ sílùú tẹ́ ò gbọ́ èdè wọn, tí wọ́n wá ń figi jí yín láràárọ̀, ṣẹ́ ẹ máa jókòó jẹ́jẹ́?"

Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n wá fà á lọ bá àwọn tó kù nígbà náà. Oníwàrà mi orí. Ó ní, "Ẹ má fà á lọ bá wọn. Ẹ kó wọn wá bá a."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n da àwọn méjì funfun wá sídìí máńgòrò, wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa jẹko níbẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, èyí pupa ti tẹ orí mọ́lẹ̀, òun náà ń jẹko. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n da àwọn méjì funfun padà sínú ọgbà, wọ́n sì tú okùn èyí pupa. Ó tẹ̀ lé wọn. Kò sí igi, kò sí ariwo, géńdé mẹ́rin dúró, wọ́n la ẹnu sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Àsìkò kan náà lójoojúmọ́, ìró kan náà nídìí ẹ̀, á ti máa sọ̀rọ̀ lókèèrè kó tó dé. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá gbẹ ló máa ń gbé dání, torí tútù ẹ̀ ní májèlé nínú, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Á gbé e kalẹ̀, á kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, kì í kúrò mọ́. Nígbà tó tún yá, ó ń fọwọ́ kan án. Oṣù mẹ́ta ló gbà kí ẹran pupa náà tó jẹ́ kó họ òun lọ́rùn, kó bá òun yọ eégbọn.

Ohun tí oníwàrà fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ti rìnrìn àjò nítorí ẹ̀. Dale Lott àti Benjamin Hart, ọmọ Amẹ́ríkà, wo bí àwọn Fúlàní ṣe ń bá ẹran wọn gbé lápá Àríwá Nàìjíríà, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 1977 àti 1979. Wọ́n ní Fúlàní kì í gbójú lé okùn àti ọgbà. Àárín agbo ló ń gbé bí ẹni pé òun náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn, àmọ́ òun lolórí. Èyí tó bá fẹ́ dojú kọ ọ́, kò ní í sá fún un, á jágbe mọ́ ọn, á gbé ọ̀pá sókè, á nà án lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, ó parí. Lẹ́yìn náà, á tún máa họ wọ́n lára, á máa fọwọ́ pa wọ́n lọ́rùn. Yorùbá náà kúkú ti sọ ọ́: ọmọ tí wọ́n bá fọwọ́ òsì nà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń fà á mọ́ra. Àwọn géńdé tí Tíṣà háyà, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń nà án.

Obìnrin kan tún wà l'Amẹ́ríkà, Temple Grandin lorúkọ ẹ̀, ọdún 1947 ni wọ́n bí i, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Colorado. Láti kékeré ló ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní autism, kò tètè sọ̀rọ̀, àmọ́ ojú ẹ̀ ń rí ohun tójú ẹlòmíì ń fò. Ó máa ń wọ inú ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń da màlúù gbà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo ohun tí màlúù ń wò. Ṣéènì tó ń mì, aṣọ tẹ́nì kan fi kọ́ sórí ọgbà, òjìji tó dábùú ọ̀nà, omi tó ń dán lórí ilẹ̀, irú nǹkan báwọ̀nyí ló ń dá màlúù dúró. Wọ́n á wá máa na ẹran tí kò ṣẹ̀, wọn ò ní í ronú pé kí wọ́n ká aṣọ kúrò.

Ojú màlúù ò rí bíi tèèyàn. Ẹ̀gbẹ́ orí ló wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká ẹ̀ láìyí ọrùn padà, àfi ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i láìsọ̀rọ̀, ẹranko tó fẹ́ pa á jẹ ló fi ń pè é. Ibi tí egungun ìhà Tíṣà gbà dá nìyẹn. Ó sì tún ní ààlà kan tó pa yí ara ẹ̀ ká, kò sẹ́ni tó ń rí i, àmọ́ òun mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn ààlà náà, màlúù á kàn máa wò ó. Tó bá tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, màlúù á yí padà, á máa lọ. Tó bá ya wọ̀ ọ́ pátápátá, tí kò sì síbi tí ẹran fẹ́ gbà sá, orí ẹni náà ló máa gbà kọjá. Ààlà màlúù tó mọ èèyàn lè má ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ èèyàn, ó lè gùn ju mọ́tò danfo mẹ́ta lọ.

Èjìká ẹ̀ ló wá fi ń mọ ibi tó máa gbà. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn èjìká, iwájú ló ń lé e lọ. Ẹni tó bá bọ́ síwájú èjìká, ẹ̀yìn ló ń dá a padà sí. Nínú àwọn géńdé Tíṣà, méjì máa ń wà níwájú, méjì máa ń wà lẹ́yìn, gbogbo wọn á máa pariwo pé "Ó yá, máa lọ!" Níbo ni wọ́n fẹ́ kó gbà? Ariwo ọ̀hún gan-an ń dá kún un, torí etí màlúù mú ju tèèyàn lọ. Tẹ́rù bá sì ti bà á, ó lè tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara ẹ̀ tó balẹ̀. Ẹni tó ń lé e kiri láàárín àsìkò yẹn, epo ló ń rọ síná. Kó lọ jókòó, kó mumi. Ọ̀rọ̀ aṣọ pupa táwọn èèyàn sì máa ń sọ, irọ́ ni. Màlúù ò rí pupa bí èèyàn ṣe ń rí i, fífì tí wọ́n ń fi aṣọ náà ló ń bí i nínú.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo màlúù tó ń ṣe bákan ni ẹ̀rù ń bà. Èyí tó ti ń ṣe jẹ́jẹ́ látilẹ̀, tó wá ṣàdédé ń ké tí ohùn ẹ̀ yí padà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tó ń kọlu igi àti ògiri, ajá dìgbòlugi lè ti gé e jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má kiwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu pé bóyá nǹkan há a lọ́fun. Kí wọ́n jìnnà sí i, kí wọ́n pe dókítà ẹran, kí wọ́n má sì torí owó pa á tà fún aráyé.

Ìgbà tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá èyí pupa gbé, ẹ̀rín padà sínú ilé Tíṣà. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó yẹ kí wọ́n máa sá fún, ẹ̀yìnkùlé ló ń sùn.

Láàárín ọdún 2022, ọ̀kan nínú àwọn méjì funfun bímọ akọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá kú. Ọmọ ọmọ Tíṣà tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló fi ìgò oúnjẹ ọmọdé tọ́ ọmọ màlúù náà. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló ń sùn. Bọ̀ọ̀dá ni wọ́n sọ ọ́, torí òwe yẹn. Tí wọ́n bá ti ké sí i pé "Bọ̀ọ̀dá!", á sáré wá. Á fi orí ti ọmọ náà níkùn, ọmọ á ṣubú, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Àwọn ìbejì tó wà l'Ékòó á ní kí wọ́n fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́.

Oníwàrà nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n mú un lọ sáàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kó tó dàgbà.

Tíṣà ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èyí tó ń bẹ̀rù èèyàn, ẹ ní kò burú. Èyí tó fẹ́ràn èèyàn lẹ wá ń bẹ̀rù?"

"Bàbá, èyí tó ń bẹ̀rù yín á sá fún yín. Èyí ò mọ̀ pé màlúù lòun. Tó bá dàgbà tó ń wá ẹni tó máa bá jà, ta ló mọ̀ yàtọ̀ sí yín?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Akọ màlúù tí wọ́n dá nìkan tọ́ láàárín èèyàn sábà máa ń léwu ju èyí tó dàgbà nínú agbo lọ. Àwọn akọ tó jọ dàgbà, àtikékeré ni wọ́n ti ń kanrí mọ́rí, kálukú á mọ ẹni tó ju òun lọ, á mọ ibi tóun máa dúró. Èyí tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, èèyàn lẹgbẹ́ ẹ̀, èèyàn ló sì máa bá du ipò.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni Bọ̀ọ̀dá yí padà. Tí wọ́n bá pè é, kò sáré wá mọ́. Á dúró gbagidi, á fẹ̀gbẹ́ hàn wọ́n, á ká ọrùn, á tẹ orí wálẹ̀, kí wọ́n lè rí bí òun ṣe tóbi tó. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni kó kọjú síni tààrà. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, kéèyàn má kẹ̀yìn sí i, kó má sì sáré, kó máa rọra fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi tó ti lè fo ọgbà tàbí kó sá sẹ́yìn igi. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, ńṣe ni wọ́n ń sọ pé Bọ̀ọ̀dá ti ń ṣe ṣakará.

Oṣù Karùn-ún, ọlọ́kadà kan gbé sìmẹ́ǹtì wá fún wọn. Ó ní "Bọ̀ọ̀dá, báwo ni?", ó kẹ̀yìn sí i láti já ẹrù. Ògiri ilé ìdáná ni Bọ̀ọ̀dá kàn án mọ́. Ọ̀kadà ẹ̀ ló kó o yọ: ìwo há sáàárín sípóòkù táyà, kí ẹran náà tó yọ orí, wọ́n ti wọ́ ọkùnrin náà wọlé. Apá ẹ̀ dá. Ọmọ ọmọ Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo ẹ̀, àkàrà tó ń jẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì ò pariwo. "Bàbá Ìbejì, ẹ wo ọmọ yẹn tó ń sùn. Ká ló jẹ́ pé òun ló dúró níbẹ̀, kí lẹ máa sọ fún ìyá ẹ̀ l'Ékòó?"

Tíṣà ò fèsì títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, ó pe alápatà.

Iléyá ọdún 2024 bọ́ sí ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà, Bọ̀ọ̀dá sì sanra, owó gidi ni wọ́n fi rà á. Owó náà wo apá ọlọ́kadà, ó tún ọ̀kadà ṣe, ó tún ṣẹ́ kù. Ní ọjọ́ Iléyá, àwọn tó rà á fi ẹran ránṣẹ́ sí Tíṣà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìyá Ìbejì dín in, ó gbé e síwájú ẹ̀. Tíṣà ní ebi ò pa òun. Torí ká lè jẹran la ṣe ń pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá, àmọ́ ẹni tó pè é ní bọ̀ọ̀dá fún ọdún méjì, tó sì gbà á gbọ́, ẹran náà ò gba ọ̀fun ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò àtifi owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó àjọ ra màlúù, ẹ ra ọgbà kẹ́ ẹ tó ra ẹran. Ọgbà tójú màlúù lè rí ni o, kì í ṣe wáyà tín-ín-rín tí kò ní í rí títí tó fi máa já a. Àwọn kan ń gbin igi àgúnmánìyè sídìí ẹ̀, ó ń ṣe ọgbà, ẹran sì tún ń jẹ ewé ẹ̀. Ẹ má ra ẹyọ kan ṣoṣo. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ rọra rìn lọ sọ́dọ̀ ẹran náà, kẹ́ ẹ wo ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún yín. Akọ tẹ́ ò bá fẹ́ fi ṣe ìran, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ní kékeré. Èyí tó bá sì ti kọjú ìjà sí èèyàn, ẹ má dúró de ẹ̀ẹ̀kejì.

Màlúù pupa tí wọ́n ní ó ya wèrè ṣì wà lóko Tíṣà. Akọ kan láti gáà ló gùn ún, ó sì ti bímọ. Nígbà tó bímọ, ọjọ́ mẹ́rin ni kò jẹ́ kẹ́nì kankan sún mọ́ òun, torí abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í fẹ́ àlejò, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ìyá Ìbejì nìkan ló ń gbà kó họ òun lọ́rùn. Tíṣà máa ń sọ̀rọ̀ lókèèrè kó tó dé, ó sì mọ ibi tóun gbọ́dọ̀ dúró.